Houdini, Onídán tí Ó Fi Ìwé Ṣe Ohun Èlò

Bí onídán bá na ọwọ́ òfìfo sókè tí owó sì jáde nínú rẹ̀, tàbí bí ó bá gé okùn sí méjì tí okùn náà sì tún di ọ̀kan, ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran máa ń sọ ni pé oògùn ni ó lò. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni idán, iṣẹ́ tí a ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ tàbí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Àwọn tí ó mọ̀ pé ìwé wà nídìí iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ tó nǹkan rárá. Síbẹ̀, Harry Houdini, onídán ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé, jẹ́ ẹni tí ó ná ọ̀pọ̀ owó àti ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ sórí ìwé. Inú ìwé ni ó ti rí orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ìwé ni ó fi yẹ ọ̀gá rẹ̀ wò. Ìwé náà ni ó sì fi gbógun ti àwọn ẹlẹ́tàn tí ń fi ọ̀fọ̀ àwọn ènìyàn jẹun.

Ìlú Budapest ní ilẹ̀ Hungary ni a ti bí i, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 1874. Erik Weisz ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Júù ni wọ́n, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ rábì, èyíinì ni olùkọ́ni nínú ẹ̀sìn àwọn Júù. Ní ọdún 1878, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ìdílé náà lọ tẹ̀dó sí ìlú Appleton ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, níbi tí bàbá ti rí iṣẹ́ rábì ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò pẹ́ tí ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣí lọ sí Milwaukee, wọ́n sì tún ṣí lọ sí New York, ìṣẹ́ sì ń bá wọn lọ láti ìlú dé ìlú. Ọmọ náà kò tíì gbójú tí ó fi ń ta ìwé ìròyìn ní ìgboro, tí ó sì ń dan bàtà fún àwọn tí ń kọjá lọ, kí oúnjẹ lè wà nílé.

Ọ̀mọ̀wé ni bàbá náà, ohun ìní tí ó sì níye lórí jù lọ lójú rẹ̀ ni àwọn ìwé ẹ̀sìn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn náà le dé góńgó, ó ní láti ta díẹ̀ nínú wọn fún rábì mìíràn. Kí ọ̀mọ̀wé ta ìwé rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí àgbẹ̀ ta ọkọ́ àti àdá rẹ̀. Bàbá náà kú ní ọdún 1892 láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò ní yà á lẹ́nu pé, nígbà tí ọmọ rẹ̀ di olówó, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ bá rí omi ni ó ń ṣe bí ó bá rí ìwé.

Ìwé kan wà tí ó yí ìgbésí ayé ọmọ náà padà. Ìtàn ìgbésí ayé Jean Eugène Robert-Houdin ni, onídán ará Faransé tí a bí ní ọdún 1805 tí ó sì kú ní ọdún 1871, tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ẹni tí ń ṣe agogo ni ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ nínú ìwé rẹ̀, ó lọ ra ìwé nípa iṣẹ́ agogo ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n òǹtàwé ṣèèṣì di ìwé mìíràn fún un, ìwé tí ó ń ṣàlàyé bí a ti ń pidán. Kàkà kí ó dá a padà, ó jókòó tì í, ó kà á tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka rẹ̀ dánra wò. Ní ọdún 1845 ó ṣí gbọ̀ngàn eré tirẹ̀ ní Paris. Ó wọ aṣọ bí àwọn gbajúmọ̀ ìlú náà ti ń wọ̀ lọ sí àpèjẹ, kò wọ agbádá oṣó. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí bu ọlá fún onídán gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin Weisz ka ìwé yìí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe táì ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gé aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú táì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sọ fún un pé bí a bá fi lẹ́tà i kan kún ìparí orúkọ ẹni kan, yóò túmọ̀ ní èdè Faransé sí ẹni tí ó jọ olúwa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà á gbọ́, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Houdini. Ní ọdún 1891 ó fi iṣẹ́ táì sílẹ̀, ó di onídán.

Àwọn àgbà a máa wí pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Orúkọ tuntun yìí kò tètè mú owó wá. Ó fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Bess, ní ọdún 1894, àwọn méjèèjì sì ń káàkiri pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ eléré kéékèèké, wọ́n ń ṣeré ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ fún owó táṣẹ́rẹ́. Ní ìgbà kan ní ìpínlẹ̀ Kansas, tí ebi fẹ́ pa wọ́n, wọ́n gbà láti máa ṣe bí ẹni tí ń bá òkú sọ̀rọ̀. Houdini a lọ sí itẹ́ òkú ìlú lọ ka orúkọ tí ó wà lára àwọn ibojì, a sì fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà ìlú lẹ́nu wò. Nígbà tí ó bá di alẹ́, a wá máa dárúkọ òkú lójú àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹkún tí àwọn ènìyàn ń sun lójú rẹ̀ bà á nínú jẹ́ nígbà tí ó ronú sí i, ó sì kábàámọ̀ iṣẹ́ náà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ń bọ̀ wá di nǹkan ńlá.

Ní ọdún 1899, ọ̀gá kan nínú àwọn tí ń gba eléré síṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Martin Beck, rí i, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi idán wẹ́wẹ́ sílẹ̀, kí ó gbájú mọ́ bíbọ́ kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti àgádágodo. Ìmọ̀ràn yìí ni ó là á. Ní ọdún 1900 ó rékọjá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sì pẹ́ tí gbogbo Yúróòpù fi gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1904, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan pè é níjà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ kan ní Birmingham ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jókòó ń wò ó, ó lé ní wákàtí kan kí ó tó bọ́ nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbé e lé èjìká. Àwọn mìíràn ń sọ pé ó ní agbára òkùnkùn. Òun a sì máa dáhùn pé ara líle, sùúrù, àti ìmọ̀ nípa àgádágodo ni gbogbo agbára òun.

Owó dé wàyí. Àwọn eléré ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ra ẹṣin àti wúrà. Houdini ní tirẹ̀, ìlúkílùú tí ó bá dé, ilé àwọn òǹtàwé àtijọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà a wá béèrè bí onídán arúgbó kan bá kù láàyè ní agbègbè náà. Ó mọ̀ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí àwọn arúgbó náà mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé, yóò bá wọn wọ ilẹ̀ bí a kò bá tètè lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni Wiljalba Frikell, tí ó ti fẹ̀yìn tì sí ìletò kan nítòsí Dresden ní ilẹ̀ Jámánì. Arúgbó náà kọ́kọ́ kọ̀ láti rí i. Houdini kò bínú, ó ń kọ lẹ́tà sí i, títí ọkàn bàbá náà fi rọ̀ tí ó sì dá ọjọ́ fún un. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 1903, ní agogo méjì ọ̀sán, Houdini kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó arúgbó náà ni ó ṣí i, tẹkúntẹkún. Ọkọ rẹ̀ ti kú ní nǹkan bí wákàtí méjì ṣáájú. Àwọn àwòrán rẹ̀, àwọn ẹ̀bùn tí àwọn ọba fún un, àti àwọn ìwé ìròyìn tí ó ròyìn eré rẹ̀ ni ó ti tò sílẹ̀ fún àlejò rẹ̀. Ojú Houdini rí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣàlàyé wọn kò sí mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ ọ hàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1904. Àìsàn dá a gúnlẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Arúgbó kan tí aṣọ rẹ̀ ti gbó wá béèrè rẹ̀, ìránṣẹ́ ẹnu ọ̀nà sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta kí Houdini tó gbọ́ pé ó wà níbẹ̀. Orúkọ arúgbó náà ni Henry Evanion. Onídán ni òun náà, ó sì ti fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún kó ìwé àti ìwé ìpolówó eré jọ nípa iṣẹ́ idán, bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́ wá ń ṣẹ́ ẹ nínú yàrá kan tí ó wà nísàlẹ̀ ilé. Ní ọjọ́ kejì, Houdini dìde lórí àìsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ti kọ̀ fún un láti jáde, ó sì lọ sí yàrá náà. Nígbà tí wọ́n tú àwọn ìwé náà sílẹ̀, kò rántí oúnjẹ, kò rántí àìsàn. Agogo mẹ́ta ààbọ̀ òru ti lù kí àbúrò rẹ̀ àti dókítà tó wá mú un kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ń ra ìwé lọ́wọ́ Evanion ní iye tí ó tọ́, ó sì dúró tì í gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ títí bàbá náà fi kú ní ọdún 1905.

Ní ọdún 1904 kan náà, Houdini ra ilé ńlá kan ní àdúgbò Harlem ní New York. Ilé náà di ilé ìwé gan-an. Ìwé wà lórí pẹpẹ, ìwé wà nínú àpótí, ìwé wà lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí ó yá, ó gba ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alfred Becks sílé, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kí ó máa to àwọn ìwé náà lọ.

Ọ̀nà tí Houdini ń gbà yan ìwé yẹ fún àkíyèsí. Ó kọ́kọ́ ń wá àwọn ìwé tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Àgbà nínú irú wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí Reginald Scot tẹ̀ jáde ní ọdún 1584. Ní ìgbà náà, wọ́n ń pa àwọn arúgbó obìnrin ní Yúróòpù pé wọ́n jẹ́ àjẹ́. Scot kọ ìwé rẹ̀ láti gbèjà irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàlàyé bí àwọn onídán ti ń fi ọwọ́ yíyá ṣe ohun tí àwọn òpè ń pè ní iṣẹ́ èṣù. Ìwé tí ó kọ́ni ní idán yìí jẹ́, nítorí náà, ìwé tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí ènìyàn là. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìtàn ìgbésí ayé tí àwọn onídán kọ nípa ara wọn. Ṣùgbọ́n Houdini kò fi mọ sí orí ìwé ńláńlá nìkan. Ó ń ra ìwé ìpolówó eré tí àwọn ènìyàn ti sọ nù, lẹ́tà àtijọ́, àwòrán, àti àwọn ègé ìwé ìròyìn. Ó ní ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Onídán lè purọ́ nínú ìwé tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n ìwé ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọjọ́ eré yóò fi hàn bí ó ti rí gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Ibi tí ìmọ̀ yìí kọ́kọ́ gbé e dé kò dùn mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń pèrò láti kọ ìwé tí yóò fi yin Robert-Houdin, ẹni tí ó ti yá orúkọ rẹ̀ lò. Ó tilẹ̀ ti lọ sí ilẹ̀ Faransé láti fi òdòdó sí ibojì rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ọmọ olóògbé náà kọ̀ láti gbà á lálejò, èyí sì dùn ún púpọ̀. Nígbà tí ó wá ń fi ìwé Robert-Houdin wé àwọn ìwé ìpolówó tí ó rà, ó rí i pé ọ̀pọ̀ idán tí ọ̀gá náà sọ pé òun ni òun dá sílẹ̀ ti wà ṣáájú rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni igi ọsàn tí ń yọ òdòdó tí ó sì ń so èso lójú òǹwòran. Irú rẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí a tó bí Robert-Houdin. Ní ọdún 1908, Houdini tẹ ìwé kan jáde tí ó fi tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀.

Ìwé náà ní ìwúlò títí di òní, nítorí pé ó kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tí ìbá ti sọnù jọ sí ojú kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbà náà rí i pé ó ti ṣe àṣejù. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn tí ó fi kan òkú náà ni ó tọ́. Bí onídán kan kò bá tilẹ̀ dá idán kan sílẹ̀, ó lè tún un ṣe kí ó dára ju bí ó ti wà lọ, èyí ni Robert-Houdin sì ṣe. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwé Houdini pọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn tí ó fi kà wọ́n ní àkókò yẹn ti kún fún ẹ̀dùn ọkàn ẹni tí a kọ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ìdánwò tí ó tóbi ju èyí lọ ń bọ̀. Kò sí ẹni tí Houdini fẹ́ràn tó ìyá rẹ̀, Cecilia. Ní oṣù keje ọdún 1913, nígbà tí ó ń ṣeré ní Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark, wáyà dé pé ìyá náà ti kú. Ó ka wáyà náà, ó sì dákú. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní ọdún 1918, àìmọye ìdílé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọmọ wọn ti kú sógun, àwọn abókùúsọ̀rọ̀ sì pọ̀ níbi gbogbo. Ọ̀rẹ́ Houdini ni Sir Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé ìtàn Sherlock Holmes, ẹni tí ó gba iṣẹ́ àwọn abókùúsọ̀rọ̀ gbọ́ tọkàntọkàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1922, ní Atlantic City, ìyàwó Doyle jókòó, ó sì kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní ìyá Houdini ni ó ń ti ọwọ́ òun kọ ọ́.

Houdini kò lọ síbẹ̀ láti ṣẹ̀fẹ̀. Ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń yẹ ìwé ìpolówó wò ni ó yẹ lẹ́tà náà wò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì àgbélébùú wà lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rábì ni ìyá náà. Ọjọ́ ìbí ìyá náà sì ni ọjọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí Houdini ti sọ, lẹ́tà náà kò mẹ́nu bà á. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó sì sọ òtítọ́ ohun tí ó rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí fọ́ ìbárẹ́ òun àti Doyle túútúú.

Láti ìgbà yìí, ìwé nípa àwọn abókùúsọ̀rọ̀ ni ó gbájú mọ́ jù lọ. Ó ra ti àwọn tí ó gbà wọ́n gbọ́, ó sì ra ti àwọn tí ó ń takò wọ́n, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ní Kansas nígbà èwe tún ràn án lọ́wọ́, nítorí ó mọ ibi tí wọ́n ti ń rí orúkọ òkú. Ní ọdún 1924 ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn náà, ó sì ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń fi han àwọn ènìyàn bí àwọn ẹlẹ́tàn náà ti ń fi ẹsẹ̀ gbé tábìlì tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ yọ ohùn nínú òkùnkùn. Ní ọdún 1926 ó lọ jẹ́rìí níwájú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà kí wọ́n lè ṣòfin ká àwọn aríran olówó lọ́wọ́ kò ní Washington. Wọn kò ṣe òfin náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ní Montreal, akẹ́kọ̀ọ́ kan fún un ní ẹ̀ṣẹ́ níkùn láti dán agbára ara rẹ̀ wò kí ó tó múra sílẹ̀. Ó ń jẹ̀rora, síbẹ̀ ó lọ ṣeré ní Detroit. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n rí i pé apẹ́ńdíìsì rẹ̀ ti bẹ́, oró rẹ̀ sì ti ràn nínú ikùn. Ó kú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1926, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Nígbà tí wọ́n sin ín, àwọn lẹ́tà tí ìyá rẹ̀ kọ sí i ni wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí fún un.

Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó fi ìwé sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1927, Ilé Ìkówèésí ti Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Washington gba 3,988 ìwé láti inú ogún rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ nípa àwọn abókùúsọ̀rọ̀. Àwọn ìwé rẹ̀ tí ó jẹ mọ́ eré orí ìtàgé gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní Yunifásítì Texas láti ọdún 1958. Ọmọ ẹni tí ó ta ìwé nítorí ebi ni ó fi ìwé jíǹkí orílẹ̀-èdè kan.

Kì í ṣe pípọ̀ ìwé ni ó sọ Houdini di ẹni ńlá. Ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ ni ó to ìwé sórí pẹpẹ tí eruku sì bò ó. Ìwé jẹ́ ohun èlò lọ́wọ́ Houdini gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ ti jẹ́. Ó fi ìwé kan yẹ ìwé kejì wò, kò gba òǹkọ̀wé kankan gbọ́ nítorí pé orúkọ rẹ̀ tóbi, kò sì gba ohun tí ọkàn òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ gbọ́ láìwádìí. Nígbà tí ó jẹ́ kí ìbínú ka ìwé fún òun, ó ṣi òkú ọ̀gá rẹ̀ dá lẹ́jọ́. Nígbà tí ó fi ọkàn títọ́ kà á, àní nígbà tí òtítọ́ náà gba ohùn ìyá rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọlọ́fọ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ jèrè ìwé kíkà, kí ó kọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà, kí ó sì kọ́kọ́ bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń wá níbẹ̀.